Mo Bá Yín Nílé

Lọ́jọ́ kejì tí Adégòkè dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ lórí rédíò, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá bá Zulaihat jà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Bẹẹrẹ.

Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ó jókòó jẹ́jẹ́ sẹ́yìn tábìlì tí bàbá rẹ̀ fi ń tún rédíò ṣe láyé ọjọ́un. Bátìrì níwájú. Tọ́ọ̀ṣì lápá ọ̀tún. Fóònù oníbàárà mẹ́jọ lápá òsì, tí gbogbo wọn ń gba iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún kọkànlá rèé tó ti fi eré náà sílẹ̀. Àmọ́ ta ló bi wọ́n?

Ẹni àkọ́kọ́, alápatà kan láti Ọjà'ba, ò tilẹ̀ kí i.

"Ìyá Ọ̀nà Ìràwọ̀, ẹ gbọ́ ọ lánàá?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Ọmọ ìyá kan náà. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ sì jókòó ẹ ń ta bátìrì."

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ bí i," alápatà ní. "Ta ni kí n wá lọ bá?"

Ẹnì kejì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, mú ìwé wá. Ojú ewé mẹ́rin, ó fi gègé kọ ọ́, ó fa ìlà sábẹ́ ohun tó ń bí i nínú. Ẹnì kẹta wá gba fóònù rẹ̀ ni, ó gbà á, ó bọ́ sọ́nà, ó tún padà. "N ò ní gbọ́ ọ mọ́," ó ní. "Mo ti ń gbọ́ ọ látìgbà tí mo ti lóyún àkọ́bí mi. Ọmọ náà ti wọ yunifásítì. N ò gbọ́ ọ mọ́."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀ nínú ìfẹ́.

Eré náà nìyí. Ọ̀nà Ìràwọ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, gbogbo Sátidé, láti ọdún 2001. Ọkọ̀ òfurufú kan tó ń jẹ́ Àṣá gbéra lórí òkè Mápó lọ́sàn-án gangan, èrò tú jáde láti Ọjà'ba wá wò ó. Ó kọjá òṣùpá. Ó kọjá oòrùn. Ó ń wá ayé mìíràn tí omi wà. Ọ̀gá ọkọ̀ ni Adégòkè, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Bọ́lájí, ọmọ ọdún méjìdínlógún, dúró lórí àtẹ̀gùn Mápó ó ń juwọ́ sí i. "Ẹ tètè dé o." Ohun tó sọ nìyẹn, ètò àkọ́kọ́ sì parí síbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìró Àṣá. Ẹ̀rọ ata ni. Ẹ̀rọ ata Ọjà'ba tí Obed, ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe ìró eré, lọ gbohùn rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó wá fà á kó falẹ̀, kó wúwo, títí ó fi di ohun tó lè gbé ènìyàn kúrò láyé. Ilẹ̀kùn Àṣá? Ilẹ̀kùn páànù ìsọ̀ aláṣọ kan. Òkúta tó ń já bọ́ láàárín ìràwọ̀? Àgbàdo gbígbẹ nínú garawa. Kò sí ẹni tó gbọ́ tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́ ọ, ara wọn bù máṣọ.

Zulaihat ló rò gbogbo rẹ̀. Títẹ ìwé ni iṣẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ rédíò nígbà náà. Ọdún méje ló fi ń tẹ eré tí àwọn ẹlòmíràn kọ.

Ilé Aláró ní Ìsàlẹ̀ Òsì ni wọ́n bí i sí. Sàláúdéènì, bàbá rẹ̀, a máa mú un dání lọ sí ìsọ̀ lẹ́yìn ilé kéwú. Ọmọ ọdún méje, abẹ́ tábìlì nibùjókòó rẹ̀. Bàbá á ṣí ẹ̀yìn rédíò, á gbé e sílẹ̀ kó tutù, Zulaihat á yọjú sínú rẹ̀. Ó rí ilé kéékèèké. Òpópónà kéékèèké. Iná pupa kan tó ń ṣẹ́jú. Ó rò pé ìlú ni.

"Bàbá, àwọn wo ló ń gbébẹ̀?"

"Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ni," Sàláúdéènì dáhùn. Kò gbójú sókè. Iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú kan tó jìnnà, tó kéré, tí iná ń ṣẹ́jú níbẹ̀, tí ohùn àwọn ará ibẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀ kó tó rò ó fún àwọn obìnrin Ilé Aláró. Gbogbo Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí. Zulaihat á jókòó tì wọ́n, òun náà á bu tirẹ̀ sínú àwo, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn ará àdúgbò. "Ẹ ò mọ ohun tójú Adégòkè rí lọ́sẹ̀ yìí." Ọwọ́ wọn ló máa ń wò. Bí ọwọ́ bá ń lọ, tí èèpo ń já pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, ìtàn ò tíì jinná. Ó di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá dúró, bí àwọn obìnrin márùn-ún bá di hóró ẹ̀gúsí mú tí wọn ò rántí bó o, á dìde, á gbọn aṣọ rẹ̀, á lọ tẹ̀ ẹ́.

Òfin kejì: ohun tí a bá gbọ́ lórí rédíò, wọ́n ti ṣe é ní sítúdíò. Ẹni tó bá gbé omi, omi ni kó gbé. Ẹni tó bá kúnlẹ̀, kó kúnlẹ̀. Àwọn òṣèré bẹ̀ ẹ́ títí, pé ta ló ń rí wọn? "Etí ń rí yín," a máa fèsì. Òṣèré kan fi ibẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé Zulaihat ní ebi gidi ni kó fi sunkún ebi.

Ọdún méjìlá. Lẹ́yìn náà, lọ́dún 2013, ìyá rẹ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀, apá kan ara rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìsàlẹ̀ Òsì sí ilé ìwòsàn ní Yemẹtu, Yemẹtu sí Ìsàlẹ̀ Òsì, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọmọ mìíràn ò sí nílé. Zulaihat kó kọ́kọ́rọ́ yàrá eré fún Adébọ̀wálé, ọmọkùnrin kan láti àdúgbò Àrẹ̀mọ tó ti kọ́ níṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Bàbá rẹ̀ tíṣà, ìyá rẹ̀ tíṣà, àwọn méjèèjì nínú ìjọ Áńgílíkà. Físíìsì ni Adébọ̀wálé kà ní yunifásítì. Orí rẹ̀ pé.

Ọdún méje ni ìyá náà lò sí i. Nígbà tó fi kú, kò sẹ́ni tó ní kí Zulaihat padà wá, òun náà ò sì jẹ́ lọ ti ẹnikẹ́ni dìde lórí àga. Ó ṣí ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Gbogbo Sátidé, aago márùn-ún, á pa ẹ̀rọ iná, á sún rédíò mọ́ etí. Ọdún mọ́kànlá, kò fo ètò kan. Kò pe Adébọ̀wálé rí láti sọ pé èyí dáa, pé ìyẹn ò dáa.

Púpọ̀ nínú rẹ̀ sì dáa. Adébọ̀wálé ló ṣírò ohun tí Zulaihat kàn gbójú fò: pé bí ọkọ̀ bá ń sáré súnmọ́ eré ìmọ́lẹ̀, ọjọ́ inú rẹ̀ á máa falẹ̀ ju ọjọ́ ilé lọ. Ọdún mẹ́ta nínú Àṣá, ọgọ́ta ọdún n'Íbàdàn. Bí Adégòkè bá padà dé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Bọ́lájí àbúrò rẹ̀ á ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Òótọ́ ni. Físíìsì ni.

Nítorí náà Adébọ̀wálé kọ́kọ́ gba ipa Adégòkè lọ́wọ́ Muhydeen, tó ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Muhydeen ti lé láàádọ́rin ọdún, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n nídìí. Ó gbé e fún Nojeem, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó ń tún fóònù ṣe ní Yemẹtu. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó mú Àṣá padà sílé. Ó balẹ̀ lórí òkè Mápó. Adégòkè sọ̀kalẹ̀. Arúgbó kan tó fi ọ̀pá rọra ń bọ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn. Bọ́lájí ni. Adégòkè wo irun funfun rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ètò parí síbẹ̀, kí Bọ́lájí tó la ẹnu.

Ìlú gbaná jẹ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni tó pe ilé iṣẹ́ rédíò láti bèèrè ìyókù ò pé mẹ́wàá. Àwọn tó kù ò pè. Wọ́n kàn pa rédíò. Màdáàmù Bertha, máníjà ilé iṣẹ́ náà, gbé eré náà kúrò lórí afẹ́fẹ́. Oṣù kan gbáko, orin ni wọ́n ń fi dí àlàfo.

Ọjọ́ Ajé kan ni Màdáàmù Bertha fẹsẹ̀ rẹ̀ wá sí Bẹẹrẹ. Ó jókòó lórí àpótí bátìrì, ó ṣí gèlè rẹ̀ kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọrùn.

"Àwọn kan ti wá gba àkókò yẹn lọ́wọ́ mi, Zulai. Ètò bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́."

"Wọ́n ti gbà á tán?"

"Mo ní kí wọ́n fún mi ní Sátidé kan. Ẹyọ kan. Bí àwọn ènìyàn wa bá padà, eré ń tẹ̀ síwájú, ìwọ lo sì ń darí ẹ̀. Bí wọn ò bá padà, ó tán nìyẹn." Ó wo àwọn fóònù tó ń gba iná. "O kàn lè ní àlá ni Adégòkè lá. Kò padà délé rí. Ó ta jí nínú Àṣá."

"Wọ́n gbọ́ ọ, Bertha. Wọ́n jà nítorí ẹ̀. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n jà lé lórí ò ṣẹlẹ̀?"

"Kí lo wá máa ṣe?"

"N ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n Adébọ̀wálé ò gbọdọ̀ lọ. Bó bá lọ, èmi náà ò wá."

Bertha ò retí ìyẹn. Adébọ̀wálé náà ò retí ẹ̀. Nígbà tí Zulaihat wọ yàrá eré lọ́jọ́ kejì, ó bá a níbi tó ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí.

"Tú u padà," Zulaihat ní.

"Àǹtí, mo bà á jẹ́."

"Ìṣirò ẹ dáa. Mo tún un ṣe lórí ìwé ara mi, ibì kan náà ni mo já sí."

"Kí ló wá dé tí wọ́n bínú? Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ta ló yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún ta?"

Zulaihat gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó kù síbì kan. Ara rẹ̀ sọ fún un. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ní kó sọ ọ́ lẹ́nu, kò lè sọ ọ́.

Ọjọ́rú, lẹ́yìn Alásárì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Aláró. Ẹ̀gúsí nínú àwo. Ó gbé èyí àkọ́kọ́ kalẹ̀: Bọ́lájí fa Adégòkè dìde, ó ní "Dìde, ọmọ mi." Pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Ó tún un sọ lọ́nà mìíràn: Bọ́lájí bínú, ó ní ọgọ́ta ọdún lòun fi dúró, ó yí ẹ̀yìn padà. Pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Ó ní Bọ́lájí ò dá a mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn yán, ó sì ní kí ẹnì kan na ìgbálẹ̀ sí òun.

Ìyá Sìdí ló sọ ojú abẹ níkòó. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ìyàwó tó dàgbà jù nílé náà.

"Ọmọ yẹn kì í ṣe Adégòkè."

"Nojeem?"

"N ò morúkọ ẹ̀. Ọmọ yẹn. Adégòkè tèmi, ohùn ẹ̀ kún ẹnu. Èyí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tajà fún mi."

Ìṣòro wá di méjì. Ẹ̀gbọ́n tó dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Ẹ̀gbọ́n tí ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gúsí tán nínú àwo, ọwọ́ kan ò dúró.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Zulaihat wà ní àgbàlá, pákò lẹ́nu, kò sùn dáadáa. Ìyá Sìdí jáde láti yàrá rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe láràárọ̀, ó di ògiri mú, ó kúnlẹ̀.

"Ìbàdíàrán, ẹ jí ire?"

Ìbàdíàrán. Orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé sọ Zulaihat nígbà tó wà ní kékeré, torí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ gan-an. Ó ti ń gbọ́ ọ bọ̀ láti ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ti ń rí ìkúnlẹ̀ yìí láti ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò fiyè sí i rí ju bó ṣe ń fiyè sí ògiri yẹn lọ. Ṣùgbọ́n lónìí, ó gbọ́ tí orúnkún Ìyá Sìdí ró.

"Ìyá Sìdí, ẹ má kúnlẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Orúnkún yín. Àti pé ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ fi jù mí lọ."

Ìyá Sìdí wò ó bí ẹni tó sọ pé kí oòrùn má yọ mọ́.

"Ṣé ọdún ni mò ń kúnlẹ̀ fún? Mo bá yín nílé ni. Ọjọ́ tí wọ́n fomi ṣan ẹsẹ̀ mi wọ ilé yìí, ẹ̀yin lẹ ń sáré ìhòòhò kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ikun ń jáde nímú yín. Mo bá yín nílé. Ìgbà wo lọ̀rọ̀ yẹn máa wá yí padà?"

"Bí ọgọ́rùn-ún ọdún bá kọjá ń kọ́?"

"Ẹ ṣáà ti dé kó tó di pé mo dé." Ó nawọ́. "Ẹ wá fà mí dìde. Omi ń hó lórí iná."

Zulaihat fà á dìde. Ó gbàgbé pákò sẹ́nu. Ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó pẹ́ níbẹ̀.

Adébọ̀wálé ti ka ọdún tí wọ́n lò láyé. Ìṣirò tó péye. Ṣùgbọ́n n'Ílé Aláró, wọn ò ka ọdún. Ẹni tí o bá nílé ni wọ́n ń kà. Ìyẹn kì í sì í falẹ̀, kì í yára, ì báà jẹ́ eré ìmọ́lẹ̀ ni èèyàn sá. Adégòkè lè ṣe kékeré sí àbúrò rẹ̀ ní ogójì ọdún ó lé. Bọ́lájí ṣì bá a láyé ni.

Ó mọ ohun tí Bọ́lájí máa dáhùn. Ó sì mọ ohùn tó máa dáhùn ún.

Beyerúnká lòun àti Adébọ̀wálé forí lé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù Muhydeen wà lójú títì. Télọ̀ ni. Nígbà tó ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Sátidé, ọjọ́ mẹ́fà tó kù, ṣòkòtò ló ń rán. Ó rí wọn, kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì.

Adébọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ fún un. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Dìde, ilẹ̀ yẹn ní abẹ́rẹ́." Máṣíìnì ń lọ. "Ọ̀gbẹ́ni tó ní ohùn mi ti hewú. Zulaihat, ṣé ó sọ fún ọ? Ó ní ohùn mi ti hewú."

"Ó ti hewú lóòótọ́, Bọ̀ọ̀dá Muhydeen," Zulaihat ní. "Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe Bọ́lájí."

Máṣíìnì dúró.

Ó rò ó fún un, látòkè délẹ̀. Muhydeen gbọ́ ọ tán. Ó yọ jígí ojú rẹ̀.

"Ọdún méjìlélógún ni mo fi jẹ́ Adégòkè. Àwọn ọmọ ọmọ mi ò mọ orúkọ mìíràn fún mi. Kí n wá jẹ́ àbúrò Adégòkè. Kí n dọ̀bálẹ̀ fún Nojeem. Èmi ni mo rán aṣọ tí bàbá Nojeem wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ẹ̀, ó ṣì ku owó ọ̀já kan tí ò tíì san."

"Bọ́lájí ló ń dọ̀bálẹ̀ fún Adégòkè. Kì í ṣe ẹ̀yin fún Nojeem."

"Ní sítúdíò àwọn ẹlòmíràn. Ní tìẹ, àyà èèyàn ló ń kanlẹ̀. Ṣé wàá jẹ́ kí Obed fi àpò ìrẹsì ṣe é?"

"Rárá."

"Mo mọ̀. Mo kàn bi ọ́ ni."

Ó tún jígí bojú. Ó yọ òwú kan, ó tún un kì bọ inú abẹ́rẹ́. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì. Zulaihat ò ràn án lọ́wọ́.

"Wọn ò gba ọmọ yẹn," Zulaihat ní pẹ̀lẹ́. "Ohùn yín ò tíì kúrò létí wọn. Èmi ò lè gbé Adégòkè fún un. Adébọ̀wálé ò lè gbé e fún un, ó dán an wò, ẹ rí ibi tó já sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní nǹkan yẹn lọ́wọ́ láti fún un."

Muhydeen tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì. "Lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀," ó ní, "bí orúnkún bá gbà."

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta ku díẹ̀. Muhydeen dé pẹ̀lú agbádá ìrun Jímọ̀ọ̀ lọ́rùn, ọ̀pá lọ́wọ́. Obed ti gbé máìkì kalẹ̀. Nojeem ka ìwé tí wọ́n fún un, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e sórí tábìlì.

"Àǹtí, ẹ lé mi kúrò nínú eré yìí."

"Nítorí kí ni?"

"N ò lè dúró, kí Bàbá máa dọ̀bálẹ̀ fún mi. Bí màmá mi bá gbọ́ ọ, wọ́n á ní ṣé orí mi pé. Èmi fúnra mi ń gbọ́ wọn látìgbà tí mo wà ní kékeré. Àwọn ni Adégòkè. Mo mọ̀ pé àwọn ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá la ẹnu, mo máa ń mọ̀."

Obed ń wo wáyà. Ohun tó ti ń da ọmọ náà láàmú láti ọjọ́ tó ti gba ipa náà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi í.

"Níbo la fi Adégòkè sí ní Sátidé tá a ṣe kẹ́yìn?" Zulaihat bi í.

"Ẹ ní?"

"Nígbà tí ètò parí. Níbo ló wà?"

Nojeem ronú. "Ó wà nílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀."

"Ṣé ó ti dìde?"

"Kò tíì dìde."

"Oṣù kan gbáko, ilẹ̀ ló ṣì wà. Ta ní kó o dúró? Padà sí ipò ẹ."

Lẹ́yìn gíláàsì, Adébọ̀wálé gbé orí sókè. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, èyí tí gbogbo ìlú fi bú u. Obìnrin yìí ò sọ ọ́ nù. Òun gan-an ló fi mú ọmọ náà dúró.

Nojeem dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ara rẹ̀ sì balẹ̀, torí pé ibẹ̀ ló ti yẹ kó wà níwájú Muhydeen tẹ́lẹ̀. Obed yí ọrùn máìkì sísàlẹ̀. Iná pupa tàn.

Muhydeen gbé ọ̀pá rẹ̀ lé ilẹ̀. Ó ró kọ. Ó ṣí fìlà. Ó gbá agbádá mọ́ra. Orúnkún kan ró, èkejì ró, Obed ò fi nǹkan kan kún un. Ọwọ́. Ìgúnpá. Àyà. Ó mí. Ohùn tí Ìbàdàn ti gbọ́ fún ọdún méjìlélógún, tó ti hewú, tó ń gbọ̀n nídìí, wá jáde láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ta ní kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀? Mo bá yín nílé. Ọjọ́ tí mo dé ayé, ẹ̀yin lẹ ti wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń dúró dè mí. Mo dúró dè yín padà ni. Bọ̀ọ̀dá Adégòkè, ẹ káàbọ̀."

Ìwé ní kí Adégòkè sọ pé, "Bọ́lájí, o ti dàgbà." Nojeem la ẹnu. "Bọ́lájí," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti kúrò ní ti ẹni tó ń tajà. Ó wúwo. Ó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. "Bọ́lájí. Ta ló wá máa kọ́kọ́ dìde nínú wa?"

Ìyẹn ò sí nínú ìwé.

"Ẹni tí orúnkún ẹ̀ bá ṣì dáa," Muhydeen dáhùn.

Ìyẹn náà ò sí níbẹ̀. Nojeem bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ń di ẹkún. Zulaihat gbé ọwọ́ sókè sí Obed pé kó má pa á, kó má tíì pa á. Wọ́n gbọ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe dìde, bó ṣe fa arúgbó náà sókè, bí ọ̀pá ṣe tún kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ata Ọjà'ba, lókèèrè, tó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ tó ti gúnlẹ̀.

Sátidé, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Bertha ní kí Zulaihat wá jókòó ti òun ní ilé iṣẹ́. Kò lọ. Ó ní ibi tí òun ti ń mọ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Òsì.

Wọ́n gbé rédíò Sàláúdéènì sójú fèrèsé. Obìnrin márùn-ún, àwo márùn-ún. Ìyá Sìdí ní òun ò gbọ́, pé ẹ̀gúsí òun lòun jókòó tì. Ẹ̀rọ ata bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Adégòkè wà nílẹ̀. Pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Ọ̀pá kan ilẹ̀, kọ.

Ìyá Sìdí gbọ́ orúnkún kan. Ó gbọ́ èkejì. Ó gbójú sókè.

"Mo bá yín nílé," rédíò wí.

Ọwọ́ dúró. Márààrún. Èèpo kan wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka Ìyá Sìdí, ó ti là dé ìdajì, ibẹ̀ ló sì wà títí orin ìparí fi wọlé. Kò wo Zulaihat. Zulaihat náà ò wò ó. Ọwọ́ yẹn ló ń wò.

Fóònù Zulaihat bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Bertha ni. Ó jẹ́ kó ró títí ó fi dákẹ́. Ó tún ró. Ó dúró títí ọwọ́ àkọ́kọ́ fi padà sẹ́nu iṣẹ́ kó tó gbé e.

"Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá," Bertha ní, kò tilẹ̀ kí i, "lọ́jọ́ tí wọ́n ń pè wá púpọ̀ jù, ẹni ogún ni. Wọ́n ti lé ní igba báyìí, wọn ò sì jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Alápatà kan ń sunkún. Mo ti sọ fún àwọn oníbọ́ọ̀lù pé kí wọ́n wá àkókò mìíràn. Zulai, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́ ọ. Sọ fún Adébọ̀wálé. Kó o sọ fún un ṣáájú ẹnikẹ́ni."

Ó pa fóònù. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn Mápó. Ìyá Sìdí bó hóró tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú àwo.

"Ìbàdíàrán."

"Ẹ̀n."

"Adégòkè," ó ní, "látìgbà tó ti dé. Ṣé wọ́n ti fún un lóúnjẹ?"